Òkúta Tí Kò Ní Àmì

Kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ké "yéè", tíréè ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba orí àtẹ̀gùn ilé-ẹ̀kọ́ lọ sílẹ̀ gbàlàgàlà, òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú rẹ̀ sì fọ́n ká. Ọ̀kan yí dé ìdí òdòdó. Àyà ọmọbìnrin náà já, ló bá káwọ́ lérí.

"Ṣé ó fọ́?" Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà, sáré sọ̀ kalẹ̀ bá a.

"Kò fọ́."

"Kí lo wá ń káwọ́ lérí sí? Yáa kó wọn padà, olùyẹ̀wò tó fẹ́ fún wa ní máàkì ti wọlé."

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Kíkó padà rọrùn, ṣùgbọ́n ta ló mọ èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà wọn obìnrin tó ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì kó wọn lọ sí kúárì. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti la òkè kan sí méjì, ara ògiri rẹ̀ sì rí ìpele ìpele láti ìsàlẹ̀ dókè. Tíṣà sọ pé òkun ti wà níbẹ̀ rí, kí ọmọ èèyàn kankan tó dáyé, pé díẹ̀díẹ̀ ló ń fà sẹ́yìn, ara òkúta ló sì kọ ìrìn rẹ̀ sí. Ó wá kìlọ̀ fún wọn: "Kí òòlù tó kan òkúta kankan, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà sí i lára, kí orí ọfà kọjú sókè, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà ìpele rẹ̀ sí i. Bó bá kúrò lára ògiri láìní àmì, ó ti di òkúta lásán."

Ọwọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ṣọ́ọ̀kì wà. Ṣùgbọ́n òjò ń ṣú, dírẹ́bà ń tẹ fèrè, ló bá ní òun á rántí. Ó tò wọ́n sínú tíréè, ó fi ọkàn balẹ̀. Orí ló kọ gbogbo rẹ̀ sí, orí ọ̀hún ló sì ṣófo báyìí bí agbè tó jò.

"Kò le rárá," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Èyí tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ yìí ló wúwo jù, ìsàlẹ̀ ni tiẹ̀. Ṣé nǹkan tó wúwo kì í rì ni? Ká gbé amọ̀ dúdú yìí sókè. Fa ọfà sí wọn lára, jọ̀ọ́! Ìwọ nìkan kọ́ lo ni máàkì o. Tá a bá fìdí rẹmi, wọn ò ní gbà wá sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rántí ìyá rẹ̀. Kò sí oníbàárà tó gbé aṣọ wá fún ìyá náà rán tí kò ní sọ fún pé ọmọ òun ń lọ sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì, bí ẹni pé wọ́n ti gbà á tán. Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kó ronú. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì fa ọfà.

Olùyẹ̀wò jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú. Tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ìtàn wo ni òkúta wọ̀nyí ń sọ?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bọ́ síwájú. "Ẹ ṣeun, sà. Létí òkun, ìgbì kì í gbé òkúta wẹ́wẹ́ jìnnà, ìtòsí ibẹ̀ ló ń já wọn sí. Iyanrìn máa ń lọ síwájú díẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ kíkúnná, ó di inú ibú níbi tómi ti dákẹ́ kó tó balẹ̀. Nítorí náà, bí òkun bá ń fà sẹ́yìn, etí rẹ̀ náà á máa sún. Iyanrìn á wá bo amọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ á sì bo..."

Ojú rẹ̀ ti bọ́ sínú tíréè. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, amọ̀ ló jókòó sókè bí ọba.

"Ẹnu rẹ ní òkun ń lọ," ni bàbá náà wí. "Òkúta rẹ ní ó ń bọ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ẹlẹ́rìn-ín ló dáhùn. "Bí tíṣà ṣe ní ká tò ó nìyẹn, sà."

Ẹ̀rín kú lójú tíṣà. Olùyẹ̀wò wò ó, ó gbé bírò, ó wá yíjú sí Pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Orí lásán ló kù kó mì pé bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ti mi orí, ọ̀ràn á kúrò lọ́rùn òun, á bọ́ sọ́rùn tíṣà. Ẹ̀rù ń bà á gidi, ṣùgbọ́n ó wò ó pé òun ò ní lè wo ojú obìnrin yẹn mọ́ láé.

"Rárá, sà. Tíṣà ní ká sàmì sí i. Èmi ni mi ò ṣe é. Tíréè bọ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí, a fojú dá a, mo sì fa ọfà irọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un tò, mo ti mọ ibi tó yẹ kí kálukú wà."

Bàbá náà mi orí pé rárá. "O mọ ibi tó yẹ kó wà. Ìyẹn yàtọ̀ sí kéèyàn mọ ibi tó wà. Òkúta ni ẹlẹ́rìí wa, a kì í kọ́ ẹlẹ́rìí lóhun tó máa sọ."

Bí máàkì tíréè ṣe lọ nìyẹn. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì padà wá tún iṣẹ́ náà ṣe ní táàmù tó ń bọ̀, orúkọ wọn ò sì jáde mọ́ tàwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín, kò sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nílé, ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ìwọ lo fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. Ó dùn ún, kò sì fi pa mọ́. "Ó dáa. Aṣọ tí mo bá rán lódì, èmi náà ni mo máa ń tú u. Lọ tú tìẹ."

Ní Sátidé, tíṣà mú un padà lọ sí kúárì, ó sì fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀ ni wọ́n rí Ẹlẹ́rìn-ín tó ti ń dúró, ó fajú ro, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá tíréè mọ́ àyà.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí fún tíṣà. Ó wá kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Ṣùgbọ́n ìwọ ò tún ní gbé tíréè yìí láyé."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tàwọn wọ̀nyí ò tilẹ̀ pẹ́ dé àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, kó tètè sọ ọ́ kó tó di irọ́, nítorí irọ́ kì í sọ ìtàn tá a rán an.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀ nídìí ògiri. Amọ̀ dúdú ló wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, àpá ìkarahun kéékèèké sì wà lára rẹ̀. Tíṣà gbé òòlù sókè.

"Ẹ dúró ná, mà," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, ó sì fa ọfà.