Méje Nínú Mẹ́wàá

Okùn ni ọkùnrin yìí fi so apá awò ojú rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún awò ṣe. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ má bínú, arẹwà. Káfíńtà ni mí. Ìṣó ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kàn mọ́ ọn."

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti bá a lọ.

Gbogbo nǹkan ń dùn yùngbà títí ìbò ààrẹ fi dé. Ẹni tí bàbá olólùfẹ́ mi ń ṣe tirẹ̀ ló borí ní orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí mi, ó fìdí rẹmi: nínú èèyàn mẹ́wàá, méje ló kọ̀ ọ́. Bàbá bá fárí gá, wọ́n ní ọmọ àwọn ò ní fẹ́ ọmọ ọ̀tá. Ẹ gbà mí o! Ṣé ìpínlẹ̀ ló fẹ́ ṣègbéyàwó ni?

Wọn ò mọ̀ pé mo wà lára àwọn mẹ́ta tó kù. Olólùfẹ́ mi mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ sùn títí ìbò fi parí.

"Ìfẹ́ mi, ṣáà sọ fún wọn."

"Mi ò sọ. Bí wọ́n bá máa gbà mí, kí wọ́n gbà mí bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà ò gbọdọ̀ sọ ọ́."

Ó ṣèlérí.

Lọ́jọ́ Àìkú, a lọ sílé wọn. Mo kí bàbá, wọn ò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Àwọn èèyàn ẹ dójú tì wá," ni wọ́n wí.

Olólùfẹ́ mi là á mọ́lẹ̀: "Bàbá, ẹni yín gan-an ló dìbò fún!"

Ẹyin lohùn, tó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Bàbá fò dìde, wọ́n dì mọ́ mi gbàgì. "Ọmọ mi! Kí ló dé tí o ò tètè sọ? Ìyàwó mi, gbé oúnjẹ wá o!"

Mo yọ ara mi lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá, tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni mo dìbò fún ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn kọ́ ni ìwọ. Jókòó jàre."

Mo wo ọkùnrin tí mo fẹ́ràn, mo ń retí kó sọ ọ̀rọ̀ kan péré. Ó ṣẹ́jú sí mi, inú rẹ̀ ń dùn, ó ti ń fa àga fún mi.

"Ṣé o rí i? Wọ́n ti gbà ẹ́," ó sọ sí mi létí.

"Ìbò mi ni wọ́n gbà."

Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Ó sáré bá mi dé ẹnu géètì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Adùn mi, kí ni mo ṣe?"

Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò mọ ohun tó ṣe lóòótọ́.