Yàrá Tí Búrẹ́dì Ti Ń Wú

Nígbà tí aránṣọ wọlé láti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú òwúrọ̀, ọmọ náà ti kú. Kò sí ibà lára rẹ̀, kò wúkọ́ lóru, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì pọ́n bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Ní igun yàrá kan náà, adìyẹ tó ń sàba ti gbọrùn sílẹ̀ lórí ẹyin rẹ̀. Òun náà ti kú. Igbe tí aránṣọ ké ló jí gbogbo ilé.

Ilé oníbúrẹ́dì ni. Àbúrò ọkọ oníbúrẹ́dì ni aránṣọ yìí, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti já a jù sílẹ̀. Òtútù ọdún náà le, ló fi ń tẹ́ ọmọ sí yàrá tí wọ́n ń gbé ìyẹ̀fun pípò sí kó lè wú, nítorí ibẹ̀ ló móoru jù. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, oníbúrẹ́dì á kó ẹyin iná láti inú ààrò sínú ìkòkò, á gbé e sáàárín yàrá náà, á pa ilẹ̀kùn dé.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, abúlé ti mọ ẹni tó pa ọmọ. Obìnrin tó ń ta epo òyìnbó lódìkejì, tí wọ́n ń pè ní Mo-Gbọ́, ló kó ọ̀rọ̀ náà wọlé.

"Mo gbọ́ pé adìyẹ náà kú? Ọmọ àti adìyẹ, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo? Ẹ máa fojú ṣọ́rí o. Ta ló ń rìn lóru nínú ilé yín?"

Gbogbo wọn mọ̀. Ìyá arúgbó ni, ìyàwó bàbá oníbúrẹ́dì, tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré tí oníbúrẹ́dì bí ló ń bá a sùn lórí ẹní, ṣùgbọ́n oorun kì í kun ìyá arúgbó. Á fi aṣọ funfun borí, á máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú àgbàlá títí òwìwí orí òrùlé á fi dákẹ́. Nígbà tí ọkọ bi oníbúrẹ́dì ìdí tó fi gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílé, ó ní, "Kí n lè máa rí i ni."

Oníbúrẹ́dì gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí ọ̀rọ̀ náà tó dúró.

"Mo rí i," ó ní. "Ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn ló dúró sí, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́."

Irọ́ ni. Kò rí nǹkan kan.

Nígbà tí oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ṣì ń pààrọ̀ eyín, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó bàbá rẹ̀ bí kú. Obìnrin náà wò yíká ilé, ó nawọ́ sí oníbúrẹ́dì, ọmọ ìyálé tí ìyá rẹ̀ ti kú, ó pè é ní àjẹ́. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, àká igi ìdáná ni ọmọ náà ń sùn, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba àárín pákó wọlé bí ọ̀bẹ. Bàbá rẹ̀ ń gbọ́ igbe rẹ̀. Á yí ẹ̀gbẹ́ padà, á sùn lọ.

Ẹrù tí ó gbé wọ ilé ọkọ nìyẹn. Kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ níta, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á máa gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń bẹ̀bẹ̀. "Ṣé o ti wá mọ bó ṣe ń rí?" á bi í, kò sì ní sọ ohun tó ń wí. Kò lè rí ihò lára fèrèsé kó má dí i. Nígbà tí pákó fèrèsé yàrá ìyẹ̀fun sán lọ́dún yìí, ó fa àpò ìyẹ̀fun ya, ó fi há gbogbo ojú ibi tó sán pinpin.

Àwọn ará abúlé fi ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà sí òpin ọ̀sẹ̀. Títí di ìgbà náà, wọ́n ní kí wọ́n ti ìyá arúgbó mọ́ àká igi, oníbúrẹ́dì ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

"Òtútù wà níbí o," ìyá arúgbó wí láti inú.

"Mo mọ̀," oníbúrẹ́dì dá a lóhùn.

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀la, ọkọ rẹ̀ wọ yàrá lọ wo ìyẹ̀fun, kò jáde. Oníbúrẹ́dì ṣílẹ̀kùn wọlé, ó bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò iná. Ó ki í mọ́lẹ̀ lábíyá, ó wọ́ ọ sí àgbàlá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó bì.

"Orí mi," ó ní. "Iná yẹn... kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀."

Oníbúrẹ́dì dúró sójú kan. Lórí òrùlé, òwìwí ké, ó tún ké. Ó rántí ọmọ, ó rántí adìyẹ, ó rántí àkísà ojú fèrèsé. Ó padà wọlé, ó yọ àkísà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kì wọ́n sínú ààrò, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jóná tán. Nínú àká igi, ìyá arúgbó ń wúkọ́. Oníbúrẹ́dì lè ṣílẹ̀kùn fún un. Ó lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, ìta ilé oníbúrẹ́dì kún. Wọ́n mú ìyá arúgbó jáde, igi wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lírun.

"Ìyá, ṣé ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ?" olórí abúlé bi í. "Bí kò bá sí, ẹ máa kúrò níbí lónìí."

"Níbo ni kí n lọ?"

"Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ yín máa ń bà sí," Mo-Gbọ́ wí. "Ṣebí ẹ níyẹ̀ẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ Mo-Gbọ́ nínú, ló bá tún gbẹ́nu sókè. "Ẹ dúró ná! Àjẹ́ kì í dá jẹ. Ta ló ń bá a sùn lórí ẹní? Ta ló ń jẹ àjẹkù rẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì, tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká, tí kò sì ní ọ̀rẹ́ méjì ju ìyá arúgbó lọ. Aránṣọ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú.

"Ìwọ lo máa ń pọ̀n ọ́n! Kí lo fún ọmọ mi jẹ?"

"Àǹtí, mi ò fún un ní nǹkan kan."

"Ẹ ti àwọn méjèèjì mọ́lé!" ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó ń wojú kiri, ojú kan lẹ́yìn èkejì, ó ń wá ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Irú ojú yẹn ni oníbúrẹ́dì fi wo bàbá rẹ̀ rí.

"Fi ọmọ mi sílẹ̀," ó ní. "Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Ẹyin iná tí mo gbé síbẹ̀ ló pa ọmọ rẹ. Èmi ni mo fi àkísà dí fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ò fi ráyè wọlé. Lánàá, ọkọ mi ṣubú síbẹ̀, ìgbà tí mo wọ́ ọ síta ló tó mí. Mo ti sun àkísà náà. Irọ́ ni mo pa mọ́ ìyá yìí, mi ò rí i lẹ́nu ọ̀nà kankan."

Ọkọ rẹ̀, tó fara ti ògiri, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Aránṣọ jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "O ti mọ̀ láti àná," ó wí fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "O mọ̀, o sì jẹ́ kí n dìde lónìí kí n wá síbí." Títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé náà, kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ẹ gbọ́!" Mo-Gbọ́ pariwo. "Bí àjẹ́ ṣe ń jẹ́wọ́ nìyẹn! Mo ti gbọ́ tipẹ́ pé láti kékeré ló ti ní in!"

"Panu mọ́." Ìyá arúgbó kò gbóhùn sókè. "Ẹnu mi lọ̀rọ̀ yẹn ti kọ́kọ́ jáde. Ọmọ mi kú, mo ń wá ẹni tí n ó di ẹ̀bi rù. Ọmọ tí kò ní ìyá ló sún mọ́ mi jù. Kì í ṣe àjẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àjẹ́ nígbà tí mo ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Àtìgbà èwe ni oníbúrẹ́dì ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí. Ó rò pé bí òun bá gbọ́ ọ, nǹkan kan yóò sọ̀ kalẹ̀ láyà òun. Kò sí ohun tó sọ̀. Mo mọ̀, ni obìnrin náà wí. Ó mọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó kọjú sílé. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn. Ìyá arúgbó ṣì dúró láàárín èrò, kò mọ ibi tí yóò gbà.

"Ẹ wọlé," oníbúrẹ́dì wí.

"O ti dárí jì mí?"

"Rárá. Èyí tí ẹ ò ṣe, ẹ ò ní jìyà rẹ̀. Èyí tí ẹ ṣe, inú ilé la ó ti jà á."

Ìyá arúgbó fa ẹsẹ̀ bọ̀. "Mo ti darúgbó o, ọmọ mi. Ìjà yẹn lè má pẹ́."

"Ẹ máa jẹun dáadáa," oníbúrẹ́dì wí. "Mi ò fẹ́ kí ẹ tètè kú."