Ilẹ̀ Tí Ràímì Fẹ́ Kọ́ Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Sí

Ní ọdún 1976, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa kọ́lé, Ràímì télọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ra ilẹ̀ sí Ẹgbẹ́dá. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló fẹ́ kọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀ náà ló yàn, níbi tó tẹ́jú, kí ariwo mọ́tò má baà dé yàrá wọn. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni bíríkìlà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, òun àti Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀ ń to búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò kan, wọ́n gbé pákó gígùn àti òòlù ńlá dání.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá," ni èyí tó ṣáájú wí. "Ọdẹ́tọ́lá lorúkọ mi, ẹnjiníà ni mí. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwé sítòsí yín, ilẹ̀ àdúgbò la wá yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé díẹ̀."

Ojú Ràímì le. "Epo lẹ ń wá, àbí? Tẹ́ ẹ bá rí i tán, wọ́n á gba ilẹ̀ mi. Ẹ máa lọ jàre!"

"Bàbá Àdíját, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu wọn ná," ni Sìdíkátù wí. Ó kọjú sí àlejò. "Sà, ẹ ní ìwé lọ́wọ́?"

Ọdẹ́tọ́lá fa ìwé àṣẹ yọ. Sìdíkátù, tó ka ìwé mẹ́fà, kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ara Ràímì balẹ̀ díẹ̀. Ó gbà kí wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́yìn wọn.

Zacchaeus, ọkùnrin kejì tó jẹ́ awakọ̀, fi taya mọ́tò tẹ pákó náà mọ́lẹ̀. Ẹnjiníà ki àwọn irin kéékèèké bọ ilẹ̀ ní ìtẹ̀léra, ó fi wáyà so wọ́n mọ́ àpótí kan. Ni Zacchaeus bá gbé òòlù. Kò lu orí pákó, etí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló lù: gbàà!

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́?" ni Ràímì bèèrè.

"A fẹ́ kí ilẹ̀ mì sọ́tùn-ún sósì ni, bàbá. Àpótí yìí á sọ bó ṣe pẹ́ tó kí ìmì náà tó dé ọ̀dọ̀ irin kọ̀ọ̀kan."

Ọdẹ́tọ́lá rí i pé kò yé e. Ó mú okùn tí wọ́n fẹ́ fi ta ìlà ìpìlẹ̀, ó fún Ràímì ní etí kan. Ó fà á le, ó gbọ̀n ọ́n, kíá ni ìgbì rẹ̀ kan Ràímì lọ́wọ́. Ó dẹ̀ ẹ́, ó tún gbọ̀n ọ́n, ìgbì náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bí ilẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Tó bá le, ìmì á sáré. Tó bá rọ̀, á máa wọ́."

Ràímì rẹ́rìn-ín. "Ẹ dákun, ẹ bá mi lu ibi tí mo fẹ́ kọ́lé sí."

Wọ́n lu iwájú, wọ́n lu ẹ̀yìn. Níwájú, ìmì rin ju ọ̀ọ́dúnrún mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn, kò tó ọgọ́rùn-ún.

"Ẹ̀yìn yìí rọ̀ púpọ̀, ó lè má gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì," ni Ọdẹ́tọ́lá wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má gba ẹ̀rọ nìkan gbọ́. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ wò."

Yanrìn ni Zacchaeus kọ́kọ́ gbẹ́ kàn. Nígbà tí kòtò mu ún dé àyà, ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn ló ń kó jáde. Àkúrọ̀ ni àwọn tó ta ilẹ̀ náà fi yanrìn bò kí wọ́n tó tà á fún un.

"Haa! Ibi tí àwọn ọmọ ìbá máa sùn lókè!" Sìdíkátù gbá àyà mú.

Ràímì jókòó lórí búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé èjìká, ó sì kọrí síwájú ilẹ̀.

"Sìdíkátù, bọ̀, jẹ́ ká máa kó o. Mo lè fara da ariwo mọ́tò."

Lọ́dún kejì, wọ́n kó wọlé. Òjò rọ̀ títí, ògiri kan ò sán. Sìdíkátù gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń pín in fún aládùúgbò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé, ẹ má fi ojú lásán wo ilẹ̀. Ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kó yẹ̀ ẹ́ wò kí bíríkìlà tó dé. Bó bá rọ̀, ẹ bi í léèrè irú ìpìlẹ̀ tó lè gbé ilé yín, tàbí kẹ́ ẹ sún ilé síbi tó le. Bí àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò bá sì dé àdúgbò yín, ẹ má lé wọn. Ẹ gba ìwé àṣẹ wọn, ẹ kà á, kẹ́ ẹ sì bèèrè ohun tí kò bá yé yín.