Ọparun Tó Dé Balùwẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1974, ní àdúgbò Krofrom ní ìlú Kumasi, ní Ghana, Georgina wẹ ìyá rẹ̀, ó wọṣọ fún un, ó fi ṣíbí bu kókó, ẹ̀kọ gbígbóná, sí i lẹ́nu, ó sì gbé e jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kó tó lọ sọ́jà, ó tún sọ ohun tó ti ń sọ láti oṣù mẹ́rin.

"Màámi, ẹ má dìde o. Ẹ ní sùúrù kí n dé."

Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá rẹ̀, Ìyá Àpínkẹ́, fi pàtẹ abẹ́rẹ́, òwú àti bọ́tìnnì ní ọjà Kejetia. Nígbà tí ojú rẹ̀ di bàìbàì, àwọn ìyá ìjọ ń bi Georgina bóyá ojú kì í tì í, tí arúgbó rẹ̀ ń tẹ̀pá lọ sọ́jà. Georgina bá gbé àtẹ àti ọ̀pá náà sórí àjà. Gbogbo ìjọ yìn ín. Òun náà á ní, "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìtọ̀ gbọ̀n ìyá. Kò fẹ́ tọ̀ sára, ó bá dìde. Ẹsẹ̀ tó ti jókòó fún oṣù mẹ́rin kò gbé e. Ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ sì kán.

Abena, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kejì, ló gbé e lọ sọ́sípítù. Nígbà tí wọ́n padà dé, Georgina ń sunkún pé òun ì bá ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ yíjú sí i.

"Òkété tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀, Georgina, ṣé wọ́n gé e lẹ́sẹ̀ ni?"

Abena, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, rẹ́rìn-ín, ó sì fi Twi, èdè ìlú náà, sọ ọ́ fún Georgina yékéyéké. "Nana, ìyá wa àgbà yìí, ti sọ ọ́ tán. Ẹsẹ̀ tí kì í rìn ló ń kú. Ohun tí wọ́n bá lè fọwọ́ ara wọn ṣe, jẹ́ kí wọ́n ṣe é, bó tilẹ̀ pẹ́. Kó ohun ìkọsẹ̀ kúrò lọ́nà, gbé àpótí sí balùwẹ̀ kí wọ́n máa jókòó wẹ̀, wá ohun tí wọ́n á máa dì mú. Kó o tó ràn wọ́n lọ́wọ́, kọ́kọ́ bi wọ́n."

Theophilus, ọkọ Georgina, gé ọparun, ó kàn án mọ́ ògiri láti yàrá títí dé balùwẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ìyá ń fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú rìn, ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Georgina ń tẹ̀lé e, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn kó má ba à fà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ìyá dá rìn dé balùwẹ̀, ó wẹ̀, ó jáde pẹ̀lú aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ró. Ẹni tó ń gún fùfú nínú agboolé gbé ọmọ odó dúró. Ìyá jókòó, ó ní kí wọ́n gbé àtẹ òun wá. Efua, aránṣọ inú agboolé, béèrè abẹ́rẹ́ tó lè wọ aṣọ tó nípọn. Ìyá kò wo ìsàlẹ̀. Ìka rẹ̀ kọjá lórí abẹ́rẹ́ bí ogún, ó mú ọ̀kan. Òun gan-an ni.

Georgina kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ náà. Ẹni tó ní irú ọwọ́ yìí ni òun ń fi ṣíbí bọ́.

Ọrùn ọwọ́ òsì náà kò tọ́ mọ́, Georgina sì ń rí i lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà nílé, ẹ má fi ìfẹ́ dè wọ́n mọ́ àga. Lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣì fẹ́ fọwọ́ ara wọn ṣe, kẹ́ ẹ sì tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe fún wọn.