Ohun Tí Bébà Òfìfo Sọ

Ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin láàárín èrò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé eré yunifásítì kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń dúró kí wọ́n pè wọ́n wọlé láti ṣeré níwájú àwọn olùkọ́. Mẹ́wàá péré ni wọn yóò mú sí kíláàsì òṣèré. Ọmọbìnrin kan fara ti ògiri, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lókè àkàbà, ó ń pààrọ̀ gílóòbù. Ó bojú wolẹ̀, ọmọbìnrin náà gbójú sókè, gílóòbù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣe rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

"Má bẹ̀rù," ni ọmọkùnrin náà wí, ẹnu rẹ̀ nìkan ló mì, ohùn ò jáde.

Ó rọrùn lẹ́nu. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, torí kì í fẹsẹ̀ dún nínú ilé. Ta ni yóò fẹsẹ̀ dún nínú ilé tí Ìyá Gbajúmọ̀ wà?

Obìnrin yìí ni bàbá Jẹ́jẹ́ fẹ́ lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Gbajúmọ̀, ọmọ tí ó gbé wá sílé ọkọ, wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú Jẹ́jẹ́. Orí ọmọ náà pé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìgò ìpara gan-an, bó bá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ti há a sórí. Ṣùgbọ́n kí ó fi ọkàn ara rẹ̀ ronú ọ̀rọ̀ kan sọ, ẹ má dúró dè é. Bàbá wọn, aago ló ń tún ṣe nínú yàrá iwájú. Aago tó bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ kò gbọ́ ohun tó ń lọ nínú ilé ara rẹ̀.

Ẹ̀ka eré kì í lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Lẹ́tà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù. Bí kò bá wá, wọ́n gbà pé kò fẹ́, ẹnikẹ́ni kì í bi í ní ìdí. Àyè rẹ̀ di ti ẹni kọkànlá. Gbajúmọ̀ ni ẹni kọkànlá. Lẹ́tà tirẹ̀ ti dé, ìlà méjì péré: dúró de àyè.

"Wọn ò mú ẹ," ni Ìyá Gbajúmọ̀ wí fún Jẹ́jẹ́ ní kíṣìnnì.

"Ṣé lẹ́tà kankan ò wá ni, mà?"

"Ṣé mo jọ ilé ìfìwéránṣẹ́ lójú ẹ ni? Wọ́n ń wá òṣèré, ìwọ ń gbọ̀n bí ọmọ ológbò tó jìn sódò. Lọ́jọ́ Sátidé, wàá lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi tó ń fọ aṣọ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Mo ti di àpò ẹ."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún Bàbá, mà."

Obìnrin náà fà á mọ́ kọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ìyẹn ló bani lẹ́rù jù.

"Ọkàn bàbá ẹ ò gba ìjayà. Èmi nìkan ni dókítà sọ ọ́ fún. Ọ̀rọ̀ kan péré tó bá dà á láàmú, ó lè ṣubú lulẹ̀. O ti sin ìyá. Ṣé o fẹ́ sin bàbá náà ni?"

Láti ọjọ́ yẹn, ìbẹ̀rù di aṣọ sí Jẹ́jẹ́ lára. Bí bàbá bá wúkọ́ nídìí oúnjẹ, ṣíbí á bọ́ lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Bí aago kan bá dákẹ́ lára ògiri, á sáré lọ wò bóyá bàbá ṣì ń mí. Aago gíga tó wà ní pálọ̀ sì ti dákẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bàbá ní òun á yẹ̀ ẹ́ wò bí òun bá parí ti àwọn oníbàárà. Ìró bàtà ilé Ìyá Gbajúmọ̀, pá, pá, pá, ni Jẹ́jẹ́ fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí òun dá èémí dúró. Ìkà ni obìnrin náà, mi ò ní fi bò yín.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Jẹ́jẹ́ lọ sí kíláàsì ọdún kìíní fún ìgbà ìkẹyìn láti dágbére. Olùkọ́ ohùn wọlé, àgbàlagbà tí wọ́n ń pè ní Tún-un-ṣe, torí gbólóhùn yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kò wo ojú Jẹ́jẹ́. Ó pín bébà òfìfo fún gbogbo wọn.

"Lẹ́tà ló wà lọ́wọ́ yín," ó ní. "Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi ọ̀rọ̀ sí i. Ẹ ka lẹ́tà tó ń bà yín lẹ́rù jù láyé."

Gbajúmọ̀ ló kọ́kọ́ gun orí ìtàgé. Ó na bébà sókè. Orí rẹ̀ ṣófo bí bébà náà. Ó wá ọ̀rọ̀ títí, ohun kan ṣoṣo ló wá sí i lẹ́nu, ohun tí ó ti kà ní ìgbà mẹ́rìnlá pẹ̀lú ìlara, tí ó rò pé akọ̀wé ọ́fíìsì ló tẹ̀ ẹ́.

"'Ìwọ tí ohùn rẹ ń gbọ̀n bí iná fìtílà lójú afẹ́fẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ìgbọ̀n náà sàn. Ẹ̀rù rẹ ni mo gbọ́. Òun ni mo fẹ́.'"

Olùkọ́ rọra dìde. "Tún un ṣe."

Gbajúmọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún un kà. Ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀.

"Yí bébà yẹn sí mi." Funfun báláú ni. "Ẹni tó ń hùmọ̀ ọ̀rọ̀ kì í hùmọ̀ ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ mi. Àhásórí lò ń kà. Kí ló tẹ̀lé 'òun ni mo fẹ́'?"

Gbajúmọ̀ bojú wo bébà funfun náà.

"Èmi á bá ẹ parí ẹ̀. 'Wá fọwọ́ sí ìwé.' Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́ sí, kì í sì í ṣe ìwọ." Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Láti ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti ń bínú sí ẹ. Mo ní o fojú di wá."

"Mi ò rí lẹ́tà kankan, sà."

"Èmi ni mo gbé e lọ, sà," ni ohùn kan wí láti òkè. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníná ni, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. "Ìyá kan ló gbà á. Wọ́n ní àwọn ni ìyá ẹ̀, pé ó ń sùn."

Aago mọ́kànlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Olùkọ́ mú fìlà rẹ̀. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀, ó dì í lẹ́sẹ̀ mú.

"Ẹ má lọ sílé wa, sà. Ẹ fi àyè náà fún Gbajúmọ̀. Bàbá mi á kú."

Kò sí ẹni tó yé. Wọ́n fà á dìde, wọ́n lọ.

Nínú yàrá iwájú, Ìyá Gbajúmọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Lẹ́tà wo? Ẹ̀yin eléré yìí, ẹ ti ń ṣeré dé ilé onílé."

"Mọ́mì," ni Gbajúmọ̀ wí, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

"Pa ẹnu mọ́! Bí mo bá fojú kan lẹ́tà rí, kí aago ilé yìí dákẹ́ lójú mi."

Bàbá gbójú kúrò lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Èyí tó wà lẹ́yìn ẹ ní pálọ̀ ti dákẹ́ láti Ẹtì tó kọjá."

Gbogbo wọn wo aago gíga náà. Gbajúmọ̀ nìkan ni kò wò ó. Ilẹ̀ ló ń wò.

Bàbá dìde. Jẹ́jẹ́ sáré dì í mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jókòó. Ọkàn yín."

"Kí ló ṣe ọkàn mi?"

"Wọ́n ní dókítà sọ pé ìjayà lè pa yín."

"Dókítà wo? Eyín ni dókítà wò fún mi kẹ́yìn." Ọ̀rọ̀ náà ń wọlé sí i díẹ̀díẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Nítorí èyí ni ọmọ mi ṣe ń wò mí bí òkú láti ọ̀sẹ̀ yìí? Àpò ta nìyẹn?"

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

"Gbé e," ni Bàbá wí. "Aṣọ pọ̀ lọ́dọ̀ àbúrò ẹ. Lọ bá a fọ̀ ọ́."

"Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ dárí jì mí."

"Gbé àpò."

Ó gbé e. Pá, pá, pá, bàtà rẹ̀ dún jáde, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìró náà ò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

"Ìwọ náà," ni olùkọ́ wí fún Gbajúmọ̀, "mo ti pa orúkọ ẹ rẹ́."

Gbajúmọ̀ lọ ṣílẹ̀kùn aago gíga náà. Lẹ́tà náà há sẹ́yìn irin tó máa ń mì, ó ti wọ́. Ó yọ ọ́. Bàbá fi ìka kan ti irin náà, aago bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Aago méjìlá ò tíì lù, àyè ṣì wà láti lọ fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin oníná ń wo Jẹ́jẹ́ bí ọjọ́ àkọ́kọ́, Jẹ́jẹ́ náà wò ó, ètè rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́.

Ti Gbajúmọ̀ ló ń gbọ̀n. Ẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ti orí ìtàgé. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà lé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́.