Odò Tí Káńsù Ní Kì Í Ṣe Tòun

Aránṣọ ń tẹ maṣíìnì rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ tún di inú mú, tó sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Ìgbẹ́ gbuuru ni. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìwòsàn.

"Omi kànga yẹn náà ni," ló sọ fún ìyàwó alágbẹ̀dẹ tó wá gba aṣọ.

"Àbí kí ni? Èyí tí mo pọn níbẹ̀ náà ti ń rùn."

Àwọn méjèèjì mọ ibi tí òórùn ti ń wá. Odò tẹ́ẹ́rẹ́ tó la ìlú wọn sí méjì ni ààlà orílẹ̀-èdè méjì. Àwọn onítírélà tó ń dúró de àyẹ̀wò ní ẹnubodè a máa da ọ́ìlì dúdú àti ẹ̀gbin sínú rẹ̀, àdúgbò tiwọn ló sì wà létí bèbè, omi odò náà a sì máa jò wọ kànga wọn.

Aránṣọ ti lọ sí káńsù. Ọ̀gá tó bá lọ́fíìsì kò tilẹ̀ fi ìjókòó lọ̀ ọ́.

"Màmá, odò yẹn ti di ti ìlú òkèèrè. Ẹ lọ bá àwọn ará ìhà kejì."

Ó sọdá afárá. Àwọn yẹn náà ní kó padà sílé rẹ̀. Wọ́n ń gbá a síwá sẹ́yìn bíi bọ́ọ̀lù.

Tìbínú-tìbínú ló fi lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá náà jẹ́ kó rojọ́ tán.

"Ìyàwó wa, irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. Àárín odò ni ààlà gbà. Láti bèbè ìhà ibí títí dé àárín omi, wọ́ọ̀dù yín ni. Ibi tí tírélà sì ń dúró sí, káńsù ló fún wọn."

"Kí ni kí n wá ṣe, Bàbá?"

"Káńsù máa ń ṣe ìjókòó tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ará ìlú lóṣooṣù. Má dá lọ o. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Kí káńsẹ́lọ̀ yín dìde níṣojú yín, kó sọ ẹni tó ni odò náà."

"Bí wọ́n bá lé wa ńkọ́?"

"Ta ní ń lé onílé jáde nílé rẹ̀?"

Lọ́jọ́ ìjókòó, àdúgbò kún gbọ̀ngán náà fọ́fọ́. Alága káńsù ní kí wọ́n máa lọ, àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Aránṣọ dìde. 

"A ò lọ, sà. Ẹ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò látèṣí. Nígbà tẹ́ ẹ wá tọrọ ìbò, ọmọ ìlú yìí ni wá. Odò wá bàjẹ́ tán, a di àjèjì? Káńsẹ́lọ̀ wa, ẹ dìde, ẹ sọ ẹni tó ni ín."

Ó padà jókòó. Kò sì sẹ́ni tó jáde nínú wọn. Káńsẹ́lọ̀ dìde, ó gbà pé títí dé àárín odò, wọ́ọ̀dù òun ni.

Káńsù kó tírélà kúrò létí odò, wọ́n sì ti kànga náà pa, wọ́n gbẹ́ omíràn lókè, níbi tó jìnnà sódò. Odò ò tíì mọ́ tán. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń jẹun dáadáa, àwọn obìnrin ìhà kejì náà sì ti ń lọ jókòó ní káńsù tiwọn.

Ẹ̀yin ará wa, omi tó bá ń rùn fún ọ́ìlì, ẹ má mu ún. Síse ò lè yọ ọ́ìlì kúrò nínú omi. Ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ mọ wọ́ọ̀dù yín àti ibi tó parí sí. Ẹ mọ káńsẹ́lọ̀ yín, kó sì mọ̀ yín. Ẹ pé jọ lọ síbi ìjókòó káńsù. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ láìdáhùn, ẹ jókòó yín.