Wọ́n Ní Firantin Jí Oorun Wọn

Ojú ọ̀nà tí Bisahu ti ń rìn láti kékeré ló kú sí. Ọ̀sán gangan ni. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn akọ màlúù rẹ̀ ń fà á lọ jẹ́jẹ́, àfi bó ṣe já bọ́ sílẹ̀, tí kẹ̀kẹ́ gorí àyà rẹ̀. Òjò ò rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tì í. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo abúlé ti mọ ẹni tó pa á.

"Firantin ni," ni Kejibai, ìyá olóògbé, wí. "Ta ló tún kù?"

Opó àbúrò ọkọ Kejibai ni Firantin yìí. Yàrá kan ló ní lẹ́yìn ilé, kò bímọ, kò sì ní eyín kankan lẹ́nu mọ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó ń sùn. Ó ti pẹ́ tí kò ti sẹ́ni tó ń rí oorun sùn dáadáa nínú ilé yẹn. Bisahu á yí síhìn-ín, á yí sọ́hùn-ún, títí àkùkọ á fi kọ. Dukalu, àbúrò rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó gbàgbé láti darí omi sóko ìrẹsì, ìrẹsì gbẹ. Oyún bàjẹ́ lára Mongra, ìyàwó Dukalu. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, Firantin á máa hanrun lẹ́yìnkùlé bí ẹni ń lọ ata.

"Oorun àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kó sùn," ni Kejibai ń wí kiri. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń hanrun ni? Oorun ẹnì kan kì í dún tó yẹn."

Bó ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ti ìka bọ agolo gudakhu, tó ń fi ra erìgì, tó ń tu itọ́ dúdú sílẹ̀ pà. Áásà tí wọ́n fi omi ìrèké dúdú pò ni gudakhu, àmọ́ ẹ pè é ní áásà níwájú àwọn èèyàn wa, kẹ́ ẹ wá rí ìjà. Oògùn eyín ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi fọ ẹnu láàárọ̀, wọ́n á fi fọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á tún fi fọ ọ́ kí wọ́n tó dùbúlẹ̀, títí kan aboyún. Gbogbo ara ògiri ilé Kejibai ló dúdú fún itọ́. Mi ò lè jẹun níbẹ̀, ó ń rí mi lára.

Wọ́n pe adáhunṣe. Ó ní ó dọjọ́ ọdún Hareli, ọjọ́ tí a máa ń fọ ọkọ́ àti àdá, tí a ń fi ewé dóńgóyárò há ẹnu ọ̀nà nítorí àwọn àjẹ́. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á fá orí Firantin, wọ́n á fún un ní ìgbẹ́ tí wọ́n fi ìtọ̀ pò mu, wọ́n á sì lé e kúrò nílùú. Kó tó dìgbà yẹn, kí wọ́n tì í mọ́ ilé màlúù, kí ará ilé má sì fi ohunkóhun tó dúdú kan ẹnu, torí ibẹ̀ làjẹ́ ń gbà wọlé.

"Àti gudakhu?" ni Kejibai bi í.

"Gudakhu funfun wà ni?"

Wọ́n ti Firantin mọ́ ilé màlúù, wọ́n sì pa gudakhu tì. Ojú wọn rí màbo. Orí ń fọ́ wọn, ìyá àti ọmọ ń jágbe mọ́ra wọn nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Àfìgbà tó yá tí oorun dé. Dukalu sùn títí oòrùn fi là sí i lójú. Mongra jẹun, ó yó.

"Ẹ ti rí i báyìí," ni Kejibai ń wí. "A ti àjẹ́ mọ́lé, oorun wa padà wá."

Mongra ló ń gbé omi ìrẹsì lọ fún Firantin nínú ilé màlúù.

"Ìyá kékeré, ṣé ẹ̀yin lẹ kó oorun wa lóòótọ́?"

"Ibo ni mo fẹ́ kó o sí, ọmọ mi? Ẹní kan péré ló wà ní yàrá mi."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin ń sùn, táwa ò sùn?"

"Ó máa ń rẹ̀ mí ni. Ìwọ ńkọ́, kí lo máa ń ṣe kó o tó dùbúlẹ̀?"

"Mo máa ń fọ eyín."

Firantin ya ẹnu òfìfo sílẹ̀. "Èmi ò ní èyí tí mo fẹ́ fọ̀."

Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n Mongra ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Hareli ku ọ̀la, Kejibai ò lè fara dà á mọ́. Ó yọ agolo jáde lábẹ́ koríko màlúù, òun àti Dukalu fi gudakhu ra ẹnu títí itọ́ fi ń kán sí wọn láyà. Wọ́n fi lọ Mongra, ó ní òun ò fẹ́. Mongra sùn lóru yẹn. Àwọn méjì tó kù ò fojú ba oorun.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo abúlé pé. Eṣinṣin bo garawa ìgbẹ́ náà. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ní ìyá nílé ń yínmú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí i dáadáa. Wọ́n ti fá ìlàjì orí Firantin.

"Àjẹ́ yìí tún jáde lánàá," ni Kejibai wí. "Mi ò sùn."

Mongra bọ́ síwájú. "Ìyá, kọ́kọ́rọ́ ilé màlúù dà?"

"Ó wà nídìí mi. Ṣé àjẹ́ ń wá kọ́kọ́rọ́ ni?"

"Tí kì í bá wá kọ́kọ́rọ́, kí ló wá jẹ́ kẹ́ ẹ máa sùn látìgbà tẹ́ ẹ ti tì í mọ́lé?"

Kejibai yíjú sí adáhunṣe.

"Èmi sùn lánàá. Ẹ ya ẹnu yín, Ìyá. Ọkọ mi, ẹ̀yin náà, ẹ ya ẹnu."

Wọ́n pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n itọ́ dúdú ti ń ṣàn ní igun ètè Kejibai.

"Eyín ló ń dùn mí," ó wí.

"Eyín yẹn náà ló ń dun Bisahu," ni Mongra wí. "Ó ń fi gudakhu ra á títí dòru, kò sùn. Ó tòògbé lórí kẹ̀kẹ́, ó já bọ́. Kò sẹ́ni tó pa á."

Adáhunṣe kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ti sọ fún wọn kí wọ́n má fi dúdú kan ẹnu. Ẹnì kan da garawa nù. Kò sẹ́ni tó bẹ arúgbó yẹn. Wọ́n lọ sílé lọ jẹ àkàrà ìrẹsì ọdún, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn tún ti ìka bọ agolo.

Firantin padà sí yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ kó hanrun mọ́. Mongra lọ wò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Arúgbó náà jókòó, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìyá kékeré, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ sùn."

"Tí mo bá hanrun," ni Firantin wí, "wọ́n á gbọ́."